Ọjọ́ Tí A Gba Sàráà Ní Tucker

Nígbà tí mo kéré débi pé ìró kò tíì dúró dáadáa nídìí mi, mo ti lè fi imú mọ ilé tí wọ́n ti ń dín mọ́sà. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé kan tí ilé mẹ́fà ti kọjú síra wọn. Bí òróró bá ti gbóná nínú agbada ẹnikẹ́ni, àwa ọmọdé á ti mọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nírú ibẹ̀, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Bí ẹnì kan bá lá àlá tí kò yé e, sàráà ni. Bí ẹni tó lọ sí Èkó bá dé láyọ̀, sàráà ni. Bí ọmọ bá yege nílé ìwé, tàbí tí àìsàn bá kúrò nílé, sàráà náà ni. Ẹni tó ń ṣe é á kó mọ́sà sínú agbọ̀n, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní kí wọ́n pe àwọn ọmọdé wá. Wọn kì í pè wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ sàráà tí ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, kì í fi ṣeré. Ọmọ tó bá gba sàráà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó sì ṣàdúrà fún ẹni tó fún un kó tó dìde. "Ẹ ṣé" lásán kò tó. Àdúrà ni, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó ṣe sàráà á sì máa ṣe àmín sí i. Lọ́jọ́ kan, mo gba mọ́sà mẹ́ta nílé kejì sí tiwa. Ebi ń pa mí, mo ju ọ̀kan sẹ́nu, mo sì sáré. Àṣé Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó di etí mi mú. Kò fà á le, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi padà dé iwájú ẹni tó ṣe sàráà. Ibẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, tí òróró ń ṣàn lágbọ̀n mi, tí mo ń ṣàdúrà tòun ti mọ́sà lẹ́nu. Nígbà tí a délé, ó gba mọ́sà méjì tó kù, ó jẹ ẹ́ níṣojú mi. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ọlọ́ṣà kì í sì í jẹ mọ́sà nílé òun.

Bàbá mi ti wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò mi obìnrin, Kúdí, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin, nígbà tí ìwé wa jáde tí ìyá mi sì kó wa lọ bá a. Ìyá mi kì í ṣe ẹni àìmọ̀ ní Ìwó. Tíṣà ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, débi pé tó bá ń lọ sọ́jà, àwọn ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n á máa sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n lè dọ̀bálẹ̀ kí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, Ìyá Àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ aṣọ tàbí bàtà tí yóò fi ránṣẹ́. Ohun tó wí kò ju pé ọjọ́ yòówù tí àwọn ọmọ yìí bá padà wá, kí òun bá wọn ní ọmọ tó mọ ìkíni, tó sì mọ ọpẹ́ẹ́ dá. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Tucker tí a dé, ní ìpínlẹ̀ Georgia, kò ní agboolé. Ilé oníbíríkì kéékèèké ló wà ní àdúgbò wa, kálukú pẹ̀lú koríko tirẹ̀ níwájú, igi páìnì sì ga lẹ́yìn wọn. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán di alẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páálí. Ìyá mi rí iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Yàrá ìfọṣọ ni wọ́n fi í sí, níbi tó ti ń fọ aṣọ ibùsùn tó sì ń ká wọn láti òwúrọ̀. Èmi ni mo ń fọ abọ́, èmi ni mo sì ń wẹ̀ fún Kúdí. Tó bá di ìgbà tí ewé ń wọ́, a ó fi ráákì kó wọn jọ sínú àpò ńlá. Bí a bá kó o tán lónìí, bí ẹni pé ẹnì kan ló tún lọ da òmíràn sílẹ̀ lóru. Lẹ́yìn iṣẹ́, èmi àti Kúdí á ta tẹ́ńtẹ́ń níwájú gáréèjì títí ẹsẹ̀ á fi máa ta wá. Bí a bá sì ṣẹ̀, a ó kúnlẹ̀, a ó ká ọwọ́ sókè bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá mi á kọ́kọ́ lọ fa kọ́tìnnì, kí àwọn ará àdúgbò má baà rí wa. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ ìró kọ́tìnnì, orúnkún mi á fẹ́ tẹ̀.

Ìyá mi kò ráhùn nípa iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní Tíṣà mọ́. Ó lè ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dọjọ́rọ̀ láìsí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀, àyàfi ẹni tó bá fẹ́ fi apẹ̀rẹ̀ aṣọ mìíràn hàn án. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ní kíṣíìnì. Ó ní iṣẹ́ kò ba òun lẹ́rù, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, èèyàn á wá òmíràn. Ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni àwọn ọmọ yìí. Ó ní ní Ìwó, gbogbo agboolé ló ń bá òun tọ́ wọn, ṣùgbọ́n níbí, òun nìkan ni, òun kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ òun wúlò fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí. Ó ní tí èyí náà bá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kí ni òun máa wí fún Ìyá Àgbà. Mo fà sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí mi. Mo pinnu pé n kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ìpinnu ọmọdé kì í pẹ́ kó tó gbàgbé ara rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé elégédé síta. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tà á ni. Brianna, ọmọ kíláàsì mi tó ń gbé ní ilé kẹta sí tiwa, ló là mí lójú. Ó ní lọ́jọ́ Halloween, àwọn ọmọdé á múra bí ohun tó bá wù wọ́n, wọ́n á máa kanlẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á ní "trick or treat", wọ́n á sì fún wọn ní súìtì. Ó ní àjẹ́ ni òun fẹ́ ṣe, kí ni èmi fẹ́ ṣe? Ẹ wo ọmọ Ìwó tí ẹnì kan dúró níwájú rẹ̀ tó ní àjẹ́ ni òun fẹ́ ṣe, tí kò sì sá. Súìtì nìkan ni etí mi gbọ́.

Bàbá mi kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun mọ Halloween dáadáa, ọdún òkú ni, ọdún iwin ni, ọmọ òun kò sì ní gbé eégún nílùú òyìnbó. "Mi ò kó ọmọ wá sí America kó wá máa ṣagbe lójúlé," ó ní. Ìyá mi ń gé ilá lọ́wọ́. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wá ń bi mí ní ìbéèrè bí tíṣà. Ta ló ń fún àwọn ọmọ náà ní nǹkan? Mo ní gbogbo ilé ni. Ọmọ ta ni wọ́n ń fún? Mo ní ọmọ yòówù tó bá ti wá. Ṣé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn ni? Mo ní rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Baba Símbí, sàráà ni wọ́n ń ṣe," ó ní. "Wọn ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni. Mo ní off lọ́jọ́ yẹn, èmi ni màá kó wọn lọ."

Bàbá mi wo ilá, ó wo ìyá mi. Ó wá gbé òfin kalẹ̀. A kò ní bojú, a kò ní wọ aṣọ iwin, a kò sì ní gba sàráà ẹnikẹ́ni láìṣàdúrà fún un. Ìyá mi ní ìyẹn gan-an ni òun náà fẹ́ wí. Ó sọ àdúrà mẹ́ta ní Yorùbá, bàbá mi yí wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì sórí ìwé, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ kò ní rí ìbànújẹ́ nínú ilé yìí. Ọmọ yín ni yóò sin yín. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń kà á bí mo ṣe ń fọ abọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí ti mọ̀ pé kò sí àdúrà tó dára ju ẹ̀kẹta yẹn lọ. Bàbá mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó yí i padà bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyá mi wọ aṣọ Iléyá fún wa, aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n rán fún wa ní Ìwó, ó sì fi ìborùn funfun bò wá lórí. Ó fún wa ní báàgì ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ti ń lọ wọ̀ nígbà tí a jáde, òórùn èéfín igi wà nínú afẹ́fẹ́, àwọn ọmọ sì kún ojú títì. Ìyá mi ní òun máa dúró létí koríko ní gbogbo ilé tí a bá dé, nítorí kò dára kí àgbà bá ọmọdé lọ gba sàráà. Ibẹ̀ jìnnà díẹ̀, kò lè gbọ́ ohun tí a ń sọ. Kí a ṣáà máa wá jíṣẹ́ fún òun.

Ní ilé àkọ́kọ́, ọkùnrin kan tó dé fìlà tó ní ìwo màlúù bi wá pé kí ni a múra bí. Kúdí dá a lóhùn pé òun ni Kúdí. Ọkùnrin náà ní ìyẹn dára púpọ̀, ó sì bu súìtì fún wa. A kúnlẹ̀, a fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì ṣe àdúrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dúró, ó la ẹnu, ó wá pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Ilé kejì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jáde, ó gbé ọmọ ọwọ́ dání. Mo sọ fún un pẹ̀lú ohùn tó mọ́ gaara pé ọmọ yẹn ni yóò sin ín. Ó wo ọmọ náà, ó wo èmi, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń dìde, mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Brianna ni, pẹ̀lú fìlà àjẹ́ rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ bíi mẹ́jọ láti ilé ìwé wa. Ẹni tó múra bí eegun òkú wà nínú wọn, iwin wà, ẹni tó fi aṣọ ibùsùn bora náà wà. Brianna bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé wọ́n máa kú, kí ló sì dé tí mo fi ń kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìkà ni ó ń ṣe o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì kúnlẹ̀ lórí koríko ó ń sín mi jẹ. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ilé tó kàn ni ilé ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé nínú ilé oníbíríkì tó wà ní ìkángun. Èèyàn dúdú bíi tiwa ni, ọmọ bíbí Georgia. A kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Nítorí àga onígi kan tó máa ń jókòó lé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, Kúdí ń pè é ní Màmá Alága. Ó wà lórí àga náà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn pẹ̀lú abọ́ súìtì lórí ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé Brianna àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo na báàgì sí i, mo ní "thank you", mo fa Kúdí lọ́wọ́, a sì sáré padà.

Ìyá mi béèrè létí koríko bóyá a ṣàdúrà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kúdí ní rárá o, Símbí ò ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ irọ́ bò.

N kò lè gbàgbé ojú ìyá mi. Kò bínú. Ìbá ṣe pé ó bínú, ì bá sàn fún mi. Ó dà bí ẹni tí ohun tó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ wá bá a níbi tó dúró sí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì yí mi padà. "Lọ ṣe é," ó ní. "Tó ò bá ṣe é, dá súìtì wọn padà fún wọn, ká máa lọ sílé." Mo wo iwájú, mo rí àwọn ọmọ náà tí wọ́n ti tò sí iwájú Màmá Alága. Mo sunkún díẹ̀. Mo wá rántí ohun tí mo gbọ́ ní kíṣíìnì, mo sì lọ.

Màmá Alága rí mi tí mo ń padà bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tó sọ, èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá fún yín. Ó bi mí pé kí ni mo gbàgbé. Mo ní àdúrà ni. Mo kúnlẹ̀ lórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, níṣojú gbogbo wọn, mo sì gbójú sílẹ̀. Mo ní Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín.

Ó ní àmín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí a ti jáde, kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ó bá mi lójijì, mo gbàgbé èyí tó kàn. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Màmá Alága gbé abọ́ súìtì kúrò lórí ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ lé eékún, ó sì dìde dúró. Ó ga ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní kí gbogbo wọn ṣíjú, kí wọ́n ṣí fìlà, ọmọ yìí ń gbàdúrà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, ẹni tí kò bá ṣe àmín kò ní fọwọ́ kan súìtì òun. Wọ́n ṣíjú. Brianna ká fìlà àjẹ́ mọ́yà. Mo ní ẹ kò ní rí ìbànújẹ́ nínú ilé yìí, àjẹ́ àti iwin àti eegun sì ṣe àmín, wọ́n ṣe é tí gbogbo títì gbọ́.

Ó wá ku ẹ̀kẹta. Mo rántí ọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn, mo fẹ́ fò ó. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo gbà nílé, mẹ́ta ni mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo ní ọmọ yín ni yóò sin yín.

Màmá Alága wò mí. Ó di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣe àmín tàbí kí wọ́n má ṣe é. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a tó gbọ́ pé òun ló sin ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọdún tó ṣáájú, ó sì ku ọmọbìnrin kan ṣoṣo fún un. Gbogbo àdúgbò ló ti bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gba irú àdúrà yẹn fún un rí.

Ó gbójú sókè wo títì. "Ta ló tọ́ ọmọ yìí?" ó béèrè, ó sì béèrè rẹ̀ sókè.

Ìyá mi wà létí koríko pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ rẹ̀ àti ìborùn rẹ̀. Àwọn òbí bíi mélòó kan wà nítòsí rẹ̀, àwọn tí kò kí i rí. Mo rò pé kò ní dáhùn, nítorí kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì níta. Ó rìn la koríko kọjá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe ń kí àgbà.

"Èmi ni, mà," ó ní. "Tíṣà ni mí."

Mo ti gba ẹ̀bùn láyé mi. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi nínú gbọ̀ngàn. Kò sí èyí tó wú mi lórí tó ohùn ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Màmá Alága sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Àwọn òbí tó wà lójú títì súnmọ́ wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ rẹ̀ àti ilé tó ń gbé. Níbo ni Ìwó wà? Kí ló máa ń kọ́ àwọn ọmọ? Brianna ní tiẹ̀ fẹ́ kí a jọ máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lọ sí àwọn ilé tó kù, èmi níwájú pẹ̀lú aṣọ Iléyá, ẹgbẹ́ iwin lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń ṣe àmín bí ọmọ ilé kéwú. Nígbà tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, Kúdí sọ fún un pé àjẹ́ ṣe àmín. Ó ní kó tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, Loganville, ní Georgia kan náà, ni mo sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì. Halloween ti yàtọ̀. Nígbà tiwa, elégédé kan àti gílóòbù ẹnu ọ̀nà ti tó. Lónìí, wọ́n á fẹ́ iwin onírọ́bà tó ga ju òrùlé lọ, wọ́n á fi ẹ̀rọ sí i kó máa ké. Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn. Lónìí, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gba gọ́ọ̀fù ló ń kó ọmọ kiri. A máa ń jẹ súìtì lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n lónìí èmi gan-an máa ń tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kí n tó jẹ́ kí wọ́n fẹnu kàn án. Èyí tó dùn mí jù ni pé ilẹ̀kùn kì í ṣí mọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé. Wọ́n á gbé abọ́ súìtì sórí àga níta, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan. Onílé ti lọ sí ibi iṣẹ́, tàbí ó wà nínú ilé tó ń wo wa láti ojú kámẹ́rà.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ́ àwọn ọmọ mi ní àdúrà náà. Mo ní ta ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún? Bí mo bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, mo rántí ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rín ọmọ mi.

Ní ọdún tó kọjá, a dé ilé kan tí abọ́ wà níta bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣáájú wa ti fi ọwọ́ méjèèjì bù ú, wọ́n ti lọ. Ọmọ mi obìnrin, Àálíyà, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó múra bí dókítà, mú ẹyọ kan fún ara rẹ̀, ó mú ẹyọ kan fún àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tó tì pa. Ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn ọmọ Amẹ́ríkà tí kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, pé Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí ìyá mi, tó máa ń bá mi tọ́jú wọn, ń kọ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí mo bá wà lẹ́nu shift.

Àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi wà lójú títì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àálíyà kò dìde. Ó dúró kí wọ́n ṣe àmín, kò sì sẹ́ni tó ṣe é. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

Mo ṣe àmín. Mo ṣe é sókè débi pé gbogbo àwọn tó wà lójú títì ló yíjú sí mi, tí ẹnì kan sì bi mí pé ṣé kò sí wàhálà. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo ní ọmọ mi ni.